Ọdẹ́lékè àti Ìbọn Tó Ń Wúkọ́

Kí n tó la ẹnu, ẹni tí ikọ́ bá ń gùn nínú yín, kó wú u tán báyìí. Ẹ wú u, ẹ má tijú. Ikọ́ kan wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì fẹ́ kí ikọ́ ẹlòmíràn dà pọ̀ mọ́ ọn. Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ìwọ tí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí ọ, o ṣì ń fà á mọ́ ọ̀fun. Tú u sílẹ̀ jàre.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọdẹ òkété. Ẹfọ̀n mọ̀ mí, ìnàkí mọ̀ mí. Ẹkùn kan wà tó jẹ́ pé bó bá rí mi lókèèrè, yóò ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo ń pa, ìyàwó mi wà nílé ìdáná lọ́hùn-ún, yóò pariwo. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo? Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́lékè ni, ọmọ Ọdẹ́bíyìí, ará Òkè-Ìrókò, ẹni tí èmi àti òun jọ ń jẹun nínú àwo kan, tó sì máa ń mú ẹran tó tóbi jù. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ibi tí kò ti sọ ọ́ dáadáa, mo ti bá a tún un ṣe.

Ọdẹ́bíyìí baba rẹ̀, ọdẹ gidi ni. Ìbọn kan ṣoṣo ló lò láyé rẹ̀, ṣakabùlà gígùn kan tí wọ́n tẹ àmì ẹwìrì kékeré sí ìdí rẹ̀, ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná. Baba náà a máa sọ pé Ìlú Ẹwìrì, lẹ́yìn igbó àwọn iwin, ni òun ti gbé e wá nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, àti pé àwọn iwin tó rọ ọ́ sọ fún òun pé, "Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ gbé e wá sílé." Gbogbo ènìyàn a sì rẹ́rìn-ín, nítorí a rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ti mu díẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìbọn yìí, ohun tí gbogbo Òkè-Ìrókò tún fi mọ baba náà ni ikọ́ rẹ̀. "Ẹhùn-ẹhùn! Ẹhùn!" Bó bá ti wú u níta báyìí, Ìyá Lékè ìyàwó rẹ̀ yóò dáhùn láti ilé ìdáná: "Pẹ̀lẹ́ o, baba Lékè." Kò ní gbé ojú sókè lórí ohun tó ń ṣe. Ó lè máa bá ẹnìkan jà lọ́wọ́, yóò dá ìjà dúró, yóò ní, "Pẹ̀lẹ́ o, baba Lékè," yóò sì padà sínú ìjà rẹ̀ níbi tó bá a dé. Báyìí ni wọ́n ṣe bá ara wọn gbé títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí baba fẹ́ lọ, ó pe Ọdẹ́lékè, ó fi ìbọn lé e lọ́wọ́, ó ní, "Lékè, má jẹ́ kí ẹnu ìbọn mi gbẹ." Ó wúkọ́. Ìyá Lékè ní pẹ̀lẹ́ o. Ikọ́ tó wú kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ mọ ohun tí baba ń wí. Ó ní kí ọmọ òun máa fi ìbọn náà ṣọdẹ, kó má gbé e kọ́ sí àjà kí aláǹtakùn wá fi ṣelé. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ti dí Ọdẹ́lékè létí. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn: kí ni baba òun máa ń mu kí ẹnu rẹ̀ má baà gbẹ? Ẹmu ni. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, kí Ọdẹ́lékè tó fọ ẹnu tirẹ̀, yóò kọjú ẹnu ìbọn sókè, yóò bu ẹmu sí i, yóò ní, "Baba, mo ń gbọ́ tiyín." Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nínú Ọdẹ́lékè, ó di akèrègbè ẹmu. Ẹ má tíì sọ fún un o. Ẹ jẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ìbọn náà wọ igbó, ìgalà ńlá kan dúró síwájú rẹ̀, ó fi ìhà hàn án bí ẹran tí ayé sú. Ọdẹ́lékè fojú sùn ún, ó fà á. Ìbọn kò dún gbòà. Ohun tó ṣe ni, "Ẹhùn-ẹhùn! Ẹhùn!"

Ìgalà yíjú padà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ wá orógbó jẹ." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sáré o. Ó rìn ni! Ẹran ìgbẹ́ rìn lójú ọdẹ! Bó bá jẹ́ èmi ni, ìtìjú ì bá pa mí síbẹ̀.

Ti ilé ló burú jù. Bí Ọdẹ́lékè bá ń nu ìbọn náà ní àgbàlá, tí ìbọn bá ṣèèṣì wúkọ́, ohùn ìyá rẹ̀ yóò jáde láti ilé ìdáná: "Pẹ̀lẹ́ o, baba Lékè." Lẹ́yìn náà, Ìyá yóò rántí. Yóò jókòó lórí àpótí, yóò gbé ọwọ́ lé itan, ọbẹ̀ yóò sì jóná. Obìnrin yìí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, omijé kọ̀ kò jáde. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Ọdẹ́lékè ju ti ìgalà lọ.

Ìṣípà baba sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òkú ọdẹ kì í dédé lọ. Ọjọ́ ìṣípà ni àwa ọdẹ máa ń kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, tí ọmọ rẹ̀ yóò yin ìbọn baba rẹ̀ sókè, kí baba lè gbọ́ pé wọ́n ti tú òun sílẹ̀. Bí ìbọn náà kò bá dún, òkú náà yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Kò ní wọlé, kò sì ní lọ, yóò kàn máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá wí.

Àwọn ọdẹ kan ní kí ó yá ìbọn ẹlòmíràn. Ó ní etí òkú kò mọ ohùn ìbọn ẹlòmíràn. Àwọn kan ní kí ó ju èyí nù. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Inú ń bí i. Ó ní àwọn ará Ìlú Ẹwìrì ló ta ìbọn jíjẹrà fún baba òun, òun yóò sì gbé e lọ bá wọn, òun yóò bú wọn títí wọn yóò fi gbàgbé orúkọ ara wọn.

Nígbà tí ìlú gbọ́ pé èébú ló ń gbé lọ, kálukú mú ìrànlọ́wọ́ wá. Wọ́n ń kó èébú sínú àpò ọdẹ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹrù fún arìnrìn-àjò. Ìyá Fọlárìn fún un ní àkànṣe èébú kan tí kò tíì lò láti ìgbà tí orogún rẹ̀ ti kó jáde. Ó di í sínú ewé, ó ní, "Má tú u síta bí kò bá dé ojú ẹ̀, ó máa ń jó ni lọ́wọ́." Èmi náà fún un ní ọ̀kan nípa imú. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé wà níbí.

Bí ó ṣe wọ igbó iwin nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi kan afárá igi kan. Iwin olórí méje jókòó lé e, ó dí ọ̀nà pa.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ń gbà dé Ìlú Ẹwìrì?"

Orí kìíní ní, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Bi orí kejì."

Orí kejì ní, "Ó mà ṣe o. Orí kẹta ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà."

Orí kẹta ní, "Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ ni tèmi, ti àlọ kọ́."

Orí kẹrin ń jẹun lọ́wọ́. Orí karùn-ún la ojú sílẹ̀, ó ń hanrun. Orí kẹfà ní, "Ta ló rán ọ wá sọ́dọ̀ mi gan-an?" Orí keje rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣé o ti bi orí kìíní?"

Ọdẹ́lékè yí iwin náà po títí òòyì fi kọ́ ọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ibi tí òwe yìí ti sọ sí i lọ́kàn ni ọgbọ́n ti dé. Ó yọ ẹran gbígbẹ kan nínú àpò, ó ní, "Ta ni kí n fún ní èyí?"

"Èmi!" Gbogbo orí méjèèje ló dáhùn pọ̀, títí kan èyí tó ń sùn.

"Ikùn mélòó lẹ ní?"

"Ọ̀kan ni."

"Ó yé mi. Ikùn ni mo ń bá sọ̀rọ̀." Ọdẹ́lékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ikùn iwin náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Ìlú Ẹwìrì dà?"

Kò sí ẹni tó tíì bi ikùn yìí ní nǹkan kan rí láyé. Inú rẹ̀ dùn, ikùn náà kùn rìrì, ó ní, "Yà sí òsì lẹ́yìn afárá, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ." Ọdẹ́lékè ju ẹran náà sókè. Nígbà tí àwọn orí ń jà sí i, ó ti sọdá.

Ẹnubodè ìlú kan ló tún dí ọ̀nà lẹ́yìn ìyẹn. Orúkọ ìlú náà ni Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni oníbodè mọ̀ ọ́n sọ. Àwọn ènìyàn tó ń dúró pọ̀ níbẹ̀. Bàbá kan wá gba iná lọ sílé kí ìyàwó rẹ̀ fi se ọbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan orúnkún, ó ṣì ń sọ pé ìyàwó òun ń retí òun. Ọdẹ́lékè kí oníbodè, ó ní òun fẹ́ kọjá.

"Ẹ padà wá lọ́la."

Ó sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún lọ.

"Ẹ padà wá lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí lánàá."

"Àná kọ́ là ń lò níhìn-ín. Ọ̀la là ń lò."

Ọdẹ́lékè rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó kúrò, ó lọ dúró lẹ́yìn igi, ó jáde wá bí àlejò tuntun, ó na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Láti àná ni mo ti ń bọ̀. Ní àná tí mo ti wá, ọ̀la ni wọ́n ń pe òní. Ọ̀la tí ẹ ní kí n padà wá náà ló dé yìí, èmi náà sì ti dé."

Oníbodè la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, kò sì ronú rí. Níbi tó ti ń ti èrò náà síwá sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọdẹ́lékè ṣí ilẹ̀kùn, ó kọjá. Kí àwọn yòókù tó dìde, ilẹ̀kùn ti padé mọ́ wọn lójú.

Wàyí o, ẹ wo ọkùnrin yìí. Orí méje ti gbá a bí bọ́ọ̀lù, oníbodè ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀ mọ́ ìbínú tó gbé láti ilé. Nígbà tó rí Ìlú Ẹwìrì lókèèrè, tí èéfín èédú ń rú, tí irin ń dún kan-an, kan-an, àpò èébú náà ti wú, ó ń ta pútú lẹ́yìn rẹ̀. Ó béèrè ilé àtúnṣe ìbọn. Wọ́n nawọ́ sí i fún un. Ó rí ilé kan tí wọ́n gbé ìbọn kọ́ sí iwájú rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ dì í lọ́rùn bí ẹni tí apá rẹ̀ kán. Ó sáré, ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá ilẹ̀kùn wọlé.

Ilẹ̀kùn ṣí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án. Ọdẹ́lékè bá ara rẹ̀ nínú ilé, lórí ẹní, lórí ìdí.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna wa! Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé kò dùn yín? Ọ̀pọ̀ àlejò wa ló máa ń fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí a fi tẹ́ ẹní síbẹ̀."

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Ìyá Ẹwìrì, olórí àwọn tó ń tún ìbọn ṣe. Iwin dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó juwọ́ sí Ọdẹ́lékè, gbogbo ojú náà ṣẹ́ sí i.

Ọdẹ́lékè dìde, ó fa àpò èébú síwájú. "Ta ni àna yín?"

"Ẹ̀yin ni. Àmì ilé wa wà ní ìdí ọmọ tí ẹ gbé dání yẹn. Ìbọn tó bá jáde níhìn-ín, ọmọ tí a fà fún ọkọ ni. Baba yín ló wá fẹ́ ẹ lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́wà, ó ń wúkọ́ díẹ̀. Òní ni ẹ wá bá wa mú un wálé kí á rí i. Kí ni ká máa pè yín bí kò ṣe àna?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ nínú yín ẹni tó lè bá ọba jà. Mo mọ ẹni tó ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì, ẹni náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹni tó lè bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jà hàn mí. Kí Ọdẹ́lékè tó mọ ohun tó ń ṣe, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹnu tó fẹ́ fi búni sì ń sọ pé, "Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ kú àtijọ́."

Wọ́n bu omi tútù fún un, wọ́n gbé iṣu sísun àti epo síwájú rẹ̀. Nígbà tó jẹun tán ni Ìyá Ẹwìrì tó gba ìbọn, ó gbé e lé itan, ó ń pa á lórí. "Kí ló ń ṣe ọmọ wa?"

"Ó ń wúkọ́, mà."

"Kí lẹ ń fún un jẹ nílé?"

Ọdẹ́lékè wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀. Ìyá Ẹwìrì kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti ìka kan bọ ẹnu ìbọn láti fi wò ó. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ojú tó wà lórí ìka náà ti pọ́n, ó ń yí kiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ojú yòókù.

"Àna wa," ó ní, "ṣé ẹmu ni?"

"Ẹmu ni, mà."

"Ti ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀?"

"Ti ọ̀pẹ ni, mà. Èyí tó dára ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kò fi èyí tó ti kan tọ́ ọmọ wa."

Ọdẹ́lékè wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí baba rẹ̀ sọ nígbà tó ń kú lọ, pé kí ẹnu ìbọn òun má gbẹ. Gbogbo àwọn iwin tó wà nínú ilé àgbẹ̀dẹ náà dákẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí ẹwìrì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èkíní dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kó èédú wá. Èkejì ní òun fẹ́ bá a kó o. Bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀ léra nìyẹn, ó sì ṣe díẹ̀, Ọdẹ́lékè gbọ́ tí nǹkan bú gbàmù lẹ́yìnkùlé, bí ìgbà tí ògiri wó. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ojú gbogbo wọn tutù, omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn kan, wọn kò sì mú èédú kankan dání.

Ìyá Ẹwìrì ní, "Ẹ̀bi wa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí à ń fà á fún baba yín, ó yẹ ká ti sọ pé kì í mu nǹkan kan. Ẹ má bínú."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ló ń ní ká má bínú! Ọdẹ́lékè yọ́ bí òrí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àpò èébú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tiraka, ó ń fẹ́ jáde, ó sì jókòó lé e mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní kí ó má baà jókòó lásán, wọ́n yá a ní ìbọn kékeré kan kí ó fi ṣe ọdẹ lẹ́yìn odi nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ìwà ìbọn náà dára jù. Ọdẹ́lékè fojú sun ẹtu kan, ìbọn sì la ẹnu fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí o, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ewé lọ́hùn-ún." Ẹtu dárí jì í, ó sì sá lọ. Ọdẹ́lékè padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹni tó rọ ìbọn náà, wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé ni.

Nígbà tó wọlé, Ìyá Ẹwìrì gbé ìbọn baba rẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ti mọ́, irin rẹ̀ ń dán. Ó rọ ẹ̀tù sí i, ó yìn ín sókè. Gbòà! Ilẹ̀ mì. Ọdẹ́lékè fò sókè fún ayọ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà kan ilẹ̀, ìbọn náà ní, "Ẹhùn-ẹhùn! Ẹhùn!"

"Ẹ jókòó, àna wa," ni Ìyá Ẹwìrì wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹmu mú kí inú rẹ̀ dógùn-ún, a ti fọ ìyẹn kúrò, òun ni kò jẹ́ kó lè dún. Ikọ́ yìí kì í ṣe ti ẹmu. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ibi tó jẹ́ igi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ baba yín ló ń wà níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bó bá lúgọ de ẹran, tó ń rọra wúkọ́ kí ẹran má baà gbọ́, igi yìí nìkan ló ń gbọ́. Ó ti mọ́ ọn lára. Ọmọ wa ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. A lè yọ ikọ́ náà kúrò pátápátá. A sì lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa kọ́ ló máa yan èyí fún yín. Kí lẹ fẹ́?"

Torí kí wọ́n lè yọ ikọ́ yìí kúrò ni Ọdẹ́lékè ṣe rin gbogbo ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ikọ́ baba òun gan-an ni, pé òun ló gbé e léjìká la igbó kọjá, ó na ọwọ́, ó fi kan ìdí ìbọn náà. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ mọ́ láyé. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò máa ní pẹ̀lẹ́ o fún irin títí ọjọ́ ikú, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò máa jóná, baba yóò sì máa rò pé wọ́n ń dá òun dúró. Ó sunkún níwájú àwọn àna rẹ̀, kò sì tijú. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Wọ́n dúró dè é.

Nígbà tó yá, ó nu ojú. "Ẹ bá mi fi ẹyọ kan sílẹ̀, mà. Ẹyọ kan péré. Kó jẹ́ ti ọjọ́ ìṣípà, lẹ́yìn tó bá ti dún. Ẹ kó ìyókù."

Ìyá Ẹwìrì fi àwọn ojú ìka rẹ̀ wo ìbọn náà yí ká. Ó ní, "Iṣẹ́ yẹn ṣòro ju kíkó o tán lọ." Ṣùgbọ́n kò ní kó padà wá lọ́la, kò sì rán an sí orí kejì. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó mú irinṣẹ́. Nígbà tó ṣe é tán, tí Ọdẹ́lékè béèrè ohun tí òun yóò san, wọ́n ní ta ló ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wá kí ìyá rẹ̀.

Wọ́n sìn ín dé ẹ̀yìn odi. Nígbà tó dé ìlú Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la, oníbodè ní kó padà wá lọ́la. Ọdẹ́lékè wò ó. Ó sọ àpò èébú kalẹ̀, odindi, kò tíì yọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó tú ẹnu rẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ohun tó sọ lẹ́nu mi. Èyí tí Ìyá Fọlárìn dì sínú ewé ló lò kẹ́yìn, nígbà tó sì tú ewé náà, oníbodè, kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn jọ sá lọ ni. Gbogbo àwọn tó ń dúró rọ́ wọlé. Bàbá onírùngbọ̀n gba iná, ó sì ń sáré lọ sílé, ó ń pariwo pé, "Gbé omi kaná, mo ti ń bọ̀!"

Ọjọ́ ìṣípà pé. Gbogbo àwa ọdẹ pésẹ̀ sínú igbó, a gbé ẹrù Ọdẹ́bíyìí lọ sí ìdí igi. Àwọn obìnrin dúró sí etí igbó, ibi tí ẹsẹ̀ wọn kì í kọjá. Ìyá Lékè wà níwájú wọn, ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹyẹ àkókó kan fò wá, ó kan igi kókókó, ó ní, "Ìyá Ẹwìrì ní kí n béèrè bóyá ọmọ àwọn ń ṣe dáadáa." Ọdẹ́lékè ní, "Dúró díẹ̀, kí o gbọ́ ọ fúnra rẹ." Ẹyẹ náà dúró.

Ọdẹ́lékè kọjú ìbọn sókè. Mo wà níbẹ̀, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Ó fà á.

Gbòà!

Ewé já lórí igi. Èéfín bo gbogbo wa. Àwọn ẹyẹ sá, igbó sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gbéra láti ibi tó jókòó sí:

"Ẹhùn-ẹhùn. Ẹhùn."

Gbogbo wa yíjú sí etí igbó, a ń retí kí Ìyá Lékè ní pẹ̀lẹ́ o. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó pa á dé. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dúró ṣánṣán.

Ó ní, "Ó di àrìnnàkò o, baba Lékè. Ó di ojú àlá."

Nígbà náà ni omijé rẹ̀ tó jáde. Ìbọn náà kò wúkọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹran tó sì ti pa kò níye. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣípà, gbogbo wa jẹ ọbẹ̀ Ìyá Lékè. Kò jóná.

Ó tán. Ikọ́ tí ẹ ti ń fà mọ́ ọ̀fun láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè wú u báyìí. Ọ̀fun tèmi náà ti ń yún mi láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n wú tèmi. Ẹhùn! Ẹhùn-ẹhùn!

"Pẹ̀lẹ́ o, baba Tóyè!"

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Láti ilé ìdáná ni. Ó dáa. Ẹ máa lọ sílé.